Fáìlì kọ́ ni oògùn jẹnẹrétọ̀ tó ń mu epo

Ẹni tó bá gba títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá ní Ibafo tàbí Mowe nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí iná ìjọba bá lọ, etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un ibi tó dé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí tọmọdé tàgbà ń pè ní "I better pass my neighbour" á ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn aṣerunlóge, lábẹ́ tábìlì ẹni tó ń bá aráàlú ṣááji fóònù. Bó ṣe rí ní Ifọ̀ náà nìyẹn, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ kótópó yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré láwọn agbègbè wọ̀nyí fi ń jẹun. Bó bá dákẹ́, oníbàárà á dìde kúrò lórí àga.

Owó epo ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Ní May 29, ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ilé epo tó ń ta lítà kan ní owó tí kò tó ₦200 gbé e lọ sí nǹkan bíi ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti kọjá ₦1,000. Ẹni tó ti ń ra epo lítà mẹ́rin sí ẹnu iṣẹ́ lójúmọ́ wá rí i pé owó tóun ń kó fún ilé epo ti fẹ́ẹ̀ tó èyí tóun ń mú relé.

Inú ìnira yìí ni àwọn mẹkáníìkì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ọgbọ́n kan fún oníbàárà. Wọ́n ní kó jẹ́ káwọn tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, káwọn fi fáìlì la ojú ihò sílíńdà fẹ̀ sí i, káwọn sì gbẹ́ inú kéèsì rẹ̀ kó lè máa mí dáadáa. Bí wọ́n bá ṣe é tán, wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ náà yóò lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, epo tó ń mu yóò sì dín kù. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, òótọ́ sì wà níbẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ jẹnẹrétọ̀ kọ́ ni òótọ́ náà bá wí, oníṣòwò tó bá sì sanwó fún un yóò san án lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀ẹ̀kan fún mẹkáníìkì, ẹ̀ẹ̀kejì fún ilé epo.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yéni, ó yẹ kéèyàn mọ bí ẹ́ńjìnnì two-stroke ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò ní fáàfù tó ń ṣí tó ń pa bíi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ihò ni wọ́n dá sí ara sílíńdà, písítìnì tó ń lọ sókè sódò ló ń ṣí àwọn ihò náà, òun náà ló sì ń dí wọn. Kéèsì tó wà nísàlẹ̀, níbi tí kíráǹkì ń gbé, kì í ṣe ilé lásán. Púńpù ni. Bí písítìnì bá gòkè, kéèsì á fa epo àti atẹ́gùn wọlé láti kábúrétọ̀. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀, á tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n á gba àwọn ọ̀nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà bọ́ sókè, wọ́n á sì máa ti èéfín tó ti jó tán síta gba ihò sàlẹ́ńsà. Ìyípo kíráǹkì ẹyọ kan péré ni gbogbo èyí gbà. Nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré yìí, tí sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 45, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi 63cc lọ, ìgbà 50 ló ń ṣẹlẹ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé.

Àbùkù tó wà nínú ètò yìí hàn kedere. Nígbà tí epo tuntun bá ń ti èéfín àtijọ́ jáde, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fáwọn méjèèjì, díẹ̀ nínú epo tuntun náà á sì bá èéfín lọ láì tíì jó. Nínú ẹ́ńjìnnì two-stroke tó ń lo kábúrétọ̀, èyí tó ń ṣòfò bẹ́ẹ̀ lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin epo tó wọlé, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Òórùn bẹntiróòlù tó ń ti ẹnu sàlẹ́ńsà jáde kì í ṣe ojú lásán. Owó ni.

Bí mẹkáníìkì bá wá fi fáìlì gbé etí ihò sàlẹ́ńsà sókè sí i, ohun tó ṣe ni pé ihò náà yóò máa tètè ṣí, yóò sì máa pẹ́ kó tó pa. Bẹ́ńjìnnì náà bá ń sáré gan-an, èyí dára, torí pé àyè tó ní láti tú èéfín jáde kéré púpọ̀, àyè tí wọ́n fi kún un yóò sì wúlò fún un. Bí kò bá sáré, ihò tó tètè ṣí yóò jẹ́ kí agbára iná tó yẹ kó ṣì máa ti písítìnì sọ̀kalẹ̀ sá jáde, ihò tó pẹ́ kó tó pa yóò sì jẹ́ kí epo tuntun púpọ̀ sí i bá a lọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ yìí pátápátá kò ṣe é nítorí iná ṣọ́ọ̀bù. Eré ìdíje alùpùpù ni wọ́n ń wá. Ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, Walter Kaaden tó jẹ́ ẹnjiníà ilé iṣẹ́ MZ fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí bí ìró inú sàlẹ́ńsà ṣe ń lọ tó sì ń padà, àti bí ihò sílíńdà ṣe yẹ kó rí. Nígbà tó fi máa di ọdún 1961, ẹ́ńjìnnì 125cc kan ti ń fún un ní agbára ẹṣin 25, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí gbà láti ara ẹ́ńjìnnì tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó ń fúnra rẹ̀ mí. Lóṣù September ọdún yẹn kan náà ni Ernst Degner tó ń gun alùpùpù fún wọn sá kúrò lọ́wọ́ wọn níbi ìdíje ní orílẹ̀-èdè Sweden, tó sì gbé ìmọ̀ náà lọ bá Suzuki ní Japan. Lọ́dún 1962, òun àti Suzuki gba ipò kìíní lágbàáyé nínú ìdíje 50cc. Ilé iṣẹ́ Suzuki yìí náà ló wá ṣe AX100, two-stroke táwọn ọlọ́kadà ilẹ̀ yìí gùn títí, tí Jincheng náà ṣe irú rẹ̀, kí Bajaj Boxer tó jẹ́ four-stroke tó wá gba ojú títì lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ tó ń sọ ìtàn yìí kì í fi kún un ni pé ẹ́ńjìnnì Kaaden ní láti yípo ju ìgbà 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan kó tó mú agbára yẹn wá. Bó bá ń rọra yípo, kò ní agbára kankan tó ṣeé fi yangàn. Àwọn tó ń gun ún mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kó rọra yípo.

Jẹnẹrétọ̀ ní tirẹ̀ kò láǹfààní láti sáré. Iná tó ń lò nílẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ 50Hz, kí jẹnẹrétọ̀ kékeré yìí sì tó lè mú 50Hz wá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yípo ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, kò gbọdọ̀ jìnnà sí i. Gọ́fánọ̀ wà lára rẹ̀ tó ń dì í mú síbẹ̀. Gbogbo agbára tí fáìlì bá fi kún un, òkè ibi tí gọ́fánọ̀ ń jẹ́ kó dé ló máa wà, ìyẹn ni pé ẹni tó ni ín kò ní í rí i lò láyé. Èyí tó máa rí ni àdánù tó wà nísàlẹ̀: ẹ́ńjìnnì tó rọ bí wọ́n bá tan fáànù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tó sì ń mu epo ju ti àná lọ.

Àwọn mìíràn mọ èyí, wọ́n á wá lọ tẹ ọwọ́ gọ́fánọ̀ náà kí ẹ́ńjìnnì lè sáré. Ìyẹn tún burú jù. Bí eré bá ṣe ń lọ sókè ni fóltéèjì ń bá a lọ sókè, ẹni tó bá sì ti rí i kí kílípà, ṣááfà fóònù àti gílóòbù jóná lọ́jọ́ kan ṣoṣo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lápò oníṣòwò.

Ti kéèsì ló yẹ kéèyàn dúró sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ púńpù ni kéèsì, àyè inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tóbi jù. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ dí ẹnu púńpù kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé bí àyè tó kù nísàlẹ̀ bá ṣe kéré tó ni atẹ́gùn ṣe máa ń le tó. Mẹkáníìkì tó bá ń gbẹ́ inú kéèsì kó lè "mí" ń sọ àyè púńpù di ńlá ni, agbára tó fi ń ti epo lọ sókè sílíńdà á sì rẹlẹ̀. Àmì tí oníṣòwò á kọ́kọ́ rí ni pé jẹnẹrétọ̀ tó ń jẹ́ ìpè ní fífà okùn ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì yóò fẹ́ kí wọ́n fà á títí apá á fi ro wọ́n. Bí ẹni tó gbẹ́ ẹ kò bá sì yọ kíráǹkì àti bíárìn kúrò kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rún irin tó bá já bọ́ sínú wọn yóò bá wọn jẹ kí oṣù tó yí po.

Iṣẹ́ kan wà lára kéèsì tó bójú mu, kékeré sì ni. Níbi tí sílíńdà ti jókòó lé kéèsì, àwọn ọ̀nà epo tó wá láti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú àwọn tó wà lókè. Nínú ẹ́ńjìnnì olówó pọ́ọ́kú, wọn kì í sáábà ṣe déédéé. Gásíkẹ́ẹ̀tì á yọ etí sínú ọ̀nà, tàbí kí irin kan ga ju èkejì lọ bíi pèpéle lójú ọ̀nà omi. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á fi gásíkẹ́ẹ̀tì ṣe òṣùwọ̀n, á gé èyí tó yọ síta, á sì fi fáìlì wẹ́wẹ́ nu etí irin náà kó lè tẹ́jú, láì fẹ ọ̀nà náà ju bó ṣe yẹ lọ. Kò ní í fọwọ́ kan bí ihò sàlẹ́ńsà ṣe ga tó. Èyí kò léwu, kò sì ní í sọ ẹnikẹ́ni di olówó.

Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ fi ń rọ, tó fi dà bíi pé fáìlì ni wọ́n nílò? Ọ̀kan nínú ohun méjì ló sáábà máa ń jẹ́, kò sì sí èyí tó kan fáìlì nínú méjèèjì.

Àkọ́kọ́ ni kábọ́ọ̀nù. Àwọn tó ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí sábà máa ń ní kí wọ́n po ọ́ìlì two-stroke ìwọ̀n kan mọ́ epo ìwọ̀n 50. Nínú epo lítà mẹ́rin, ọ́ìlì mílílítà 80 nìyẹn, kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà ìgò omi kékeré tó gba mílílítà 500. Ojú lásán ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn kan ń da ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí i, wọ́n ní ọ́ìlì lọ́ìlì í jẹ́. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù tàbí tí kì í ṣe irú tó yẹ, kò ní í jó tán, á dì mọ́ ihò sàlẹ́ńsà àti inú sàlẹ́ńsà bí ẹ̀dá, títí ihò tó yẹ kí ọmọ ìka wọ̀ dáadáa á fi kù bíi ojú kọ́kọ́rọ́. Èéfín kò ráyè jáde mọ́, ẹ́ńjìnnì á sì rọ. Fífi igi ha ihò náà nígbà tí písítìnì bá ti dí i, kí wọ́n sì wẹ inú sàlẹ́ńsà mọ́, iṣẹ́ bíi wákàtí kan ni. Bí ọ́ìlì bá sì kéré jù nítorí ahun, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ á sì kọjá ti fáìlì.

Èkejì ni pé kéèsì ń jò. Ọ́ìl síìlì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kíráǹkì lọ́tùn-ún lósì máa ń gbó, gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ sílíńdà náà a máa ya. Atẹ́gùn tí kò gba ọ̀dọ̀ kábúrétọ̀ kọjá á wá wọlé, epo á kéré sí atẹ́gùn, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná, eré rẹ̀ á máa lọ sókè sódò láì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, títí ọjọ́ kan tí písítìnì á fi gan mọ́ inú sílíńdà. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Wọ́n á dí ojú kábúrétọ̀ àti ojú sàlẹ́ńsà pa, wọ́n á fi púńpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sínú rẹ̀, nǹkan bíi 6 psi péré, wọ́n á sì wò ó bóyá yóò dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí kò bá dúró, omi ọṣẹ tí wọ́n bá pa sí i lára á hó síbi tó ti ń jò. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó bá ní irinṣẹ́ yìí, kódà kó jẹ́ èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ló yẹ kóníṣòwò máa gbé jẹnẹrétọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ sàlẹ́ńsà náà wà nílẹ̀. Àwọn kan ń lu ihò sí i, àwọn mìíràn ń yọ ìfun rẹ̀ dànù, wọ́n ní ó ń dí agbára lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ tí Kaaden fi sílẹ̀ gan-an lòdì sí èyí. Nínú two-stroke, ìró tó padà láti inú sàlẹ́ńsà wà lára ohun tó ń ti epo tuntun tó fẹ́ sá jáde padà sínú sílíńdà. Ẹni tó bá lu ú já ti lé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lọ, ó sì ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ara rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Nígbà tí ariwo bá sì pọ̀ jù, ohun tó sáábà ń tẹ̀ lé e ni pé wọ́n á gbé jẹnẹrétọ̀ náà wọnú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kí wọ́n má bàa jí i gbé, níbi tí èéfín rẹ̀ ti lè pààyàn mọ́jú.

Ká sọ pé onígbàjámọ̀ kan ní Mowe ń lo epo lítà mẹ́rin lójúmọ́, tí iṣẹ́ fáìlì sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún ohun tó ń lò. Sẹ́ńtílítà 40 ni lójúmọ́, kò jọ nǹkan kan. Bí lítà bá jẹ́ ₦1,000, ₦400 nìyẹn. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 26 láàárín oṣù kan, ó ti di ₦10,400. Láàárín ọdún kan, ó lé ní ₦124,000, láì tíì ka owó iṣẹ́ tó kọ́kọ́ san. Fáìlì kò sì ṣeé dá padà. Irin tó ti lọ ti lọ, sílíńdà mìíràn ló kù láti rà.

Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tí iṣẹ́ yìí wúlò fún. Àwọn agégi tó ń lo ayùn ẹlẹ́ńjìnnì mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tiwọn máa ń yípo ju ìgbà 10,000 lọ, wọ́n sì ń fi í ṣiṣẹ́ nítòsí òkè eré rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, nítorí náà ihò tí wọ́n bá fi ọgbọ́n ṣí lè jẹ́ kí igi tètè ya fún wọn. Àmọ́ ohun tí wọ́n fi chrome tàbí nikasil bò ni inú ọ̀pọ̀ sílíńdà ayùn, bí fáìlì bá fi bó, kò sẹ́ni tó máa lè bò ó padà ní Ibafo. Ihò tó bá sì fẹ̀ jù yóò máa gbé etí ríǹgì, ríǹgì á ṣẹ́ sínú rẹ̀. Ìwọ̀n táwọn tó mọṣẹ́ náà sábà máa ń fi ṣe ààlà ni pé fífẹ̀ ihò sàlẹ́ńsà kò gbọdọ̀ ju ìdá méje nínú mẹ́wàá fífẹ̀ sílíńdà lọ. Lára AX100 tí sílíńdà rẹ̀ jẹ́ mílímítà 50, mílímítà 35 nìyẹn. Ẹni tí kò bá ní ohun tó fi ń wọn mílímítà kò yẹ kó fọwọ́ kàn án rárá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Àwọn mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kò kéré láàárín Ifọ̀ sí Mowe, ohun tó sì ń bà wọ́n nínú jẹ́ ni pé oníbàárà kì í fẹ́ sanwó fún iṣẹ́ tí kò bá gbọ́ ariwo irin níbẹ̀. Ó rọrùn fún un láti sanwó fún fáìlì ju pé kó sanwó fún ẹni tó sọ fún un pé síìlì kan ṣoṣo ló gbó. Àwọn oníṣòwò fúnra wọn ló kọ́ àwọn mẹkáníìkì kan ní irọ́ pípa.

Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ṣọ́ owó wọn kò la ìwé lọ. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n da epo tó ti ní ọ́ìlì nínú, lítà kan géérégé, sínú jẹnẹrétọ̀ tí táǹkì rẹ̀ ti gbẹ, kí wọ́n tan ohun tí wọ́n máa ń tàn ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n sì ka ìṣẹ́jú tó lò kó tó kú. Lẹ́yìn tí mẹkáníìkì bá parí, kí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú lítà kan mìíràn àti ẹrù iná kan náà, kí rewaya kan sì fi mítà rẹ̀ wò ó bóyá iná náà ṣì wà ní nǹkan bíi fóltì 220 àti 50Hz. Bí ìṣẹ́jú kò bá pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, owó iṣẹ́ kò tíì kúrò lápò oníṣòwò nìyẹn. Mẹkáníìkì tó bá sì kọ̀ láti gbà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tú bóòtù àkọ́kọ́, kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ wọn sórí ọ̀kadà, kí wọ́n máa lọ.